Ọdún mẹ́jọ gbáko ni: Ohun tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀ kó tó rán ọmọ lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ojú

Kò sí àdúgbò ńlá kan nílùú Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta tí ènìyàn máa rìn dé tí kò ní rí ibi tí wọ́n ti ń ta jígí ojú. Àwọn kan pàtẹ rẹ̀ sórí tábìlì lẹ́bàá títì, àwọn kan ń kiri rẹ̀ láàrin súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, àwọn mìíràn sì gba ṣọ́ọ̀bù, wọ́n to férémù sára ògiri, wọ́n kọ “Eye Clinic” síta gbàgàdà. Oníṣòwò tó bá wò ó lókèèrè á rò pé ọjà bíi ti àwọn ọjà yòókù ni, pé ẹni tó bá ti lówó tó máa fi ra férémù, tó sì ní ibi tó máa tò ó sí, ti lè bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn òbí tó ń tajà fi ń sọ fún ọmọ wọn pé kó lọ kọ́ iṣẹ́ ojú, pé bó bá parí, àwọn á ṣí ṣọ́ọ̀bù fún un. Èrò náà dára. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ òbí ti sanwó ilé ẹ̀kọ́ tán kí wọ́n tó mọ irú iṣẹ́ ojú tí ọmọ wọn ń kọ́.

Pé ọjà wà níbẹ̀, òótọ́ ni. Bí ènìyàn bá ti ń súnmọ́ ẹni ogójì ọdún, lẹ́ńsì tó wà nínú ẹyinjú á bẹ̀rẹ̀ sí í le, ohun tó bá wà nítòsí á wá ṣòro láti rí dáadáa. Aránṣọ tó máa ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tẹ́lẹ̀ á máa pe ọmọṣẹ́ pé kó wá bá òun fi í. Ìyá tó ń ta àtíkè àti ọṣẹ á na ọwọ́ jìnnà kó tó lè ka ọjọ́ tí ọjà rẹ̀ máa bàjẹ́ lára páálí. Èyí kì í ṣe àìsàn, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó máa dàgbà tí kò ní kàn.

Ó ń mú owó dání, ó sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni. Ní ìpínlẹ̀ Assam lórílẹ̀-èdè Íńdíà, àwọn olùwádìí pín àwọn 751 tó ń já ewé tíì, tí gbogbo wọn ti pé ẹni ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fún apá kan ní jígí ojú, wọ́n ní kí apá kejì ṣì dúró ná. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2018 fi hàn pé ewé tí àwọn tó rí jígí gbà ń já lójúmọ́ pọ̀ sí i, ó sì fi ìpín 21.7 nínú ọgọ́rùn-ún ju bí ti àwọn yòókù ṣe pọ̀ sí i lọ. Ní Bangladesh, irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ tó jáde ní 2024 wo owó tó ń wọlé fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn tálákà ìgbèríko. Dọ́là 35 àti sẹ́ǹtì 30 lóṣù ni apá méjèèjì wà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, àwọn tó gba jígí ti dé dọ́là 47 àti sẹ́ǹtì 10, àwọn tí kò gbà á sì wà níbi tí wọ́n wà. Oníṣòwò tó ní ọmọṣẹ́ tó ti lé ní ogójì ọdún kò gbọ́dọ̀ fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí.

Ní Nàìjíríà níbí, ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè láàrin 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ti pé ẹni ogójì ọdún sókè, ó lé ní mẹ́rin tó fọ́jú. Kátáráàtì, ìyẹn funfun tó máa ń bo lẹ́ńsì inú ẹyinjú, ló fa ìpín 43 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, gulakóómà sì fa nǹkan bíi ìpín 17. Àwọn tí ojú wọn kò tíì fọ́, ṣùgbọ́n tí wọn kò ríran dáadáa, jígí tí wọn kò ní ló fa ti èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọba náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Bọ́lá Tinúbú ń ṣe gómìnà Èkó láàrin 1999 sí 2007, ètò jígí ọ̀fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Jígí Bọ́lá. Lóṣù kẹwàá, 2024, ìjọba àpapọ̀ gbé èkejì rẹ̀ jáde pẹ̀lú èrò láti fún mílíọ̀nù márùn-ún ènìyàn ní jígí.

Ta ló máa yẹ ojú àwọn wọ̀nyí wò? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú nìyí, nítorí “dókítà ojú” ni aráàlú ń pe gbogbo wọn. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ, tó ń yọ kátáráàtì, ni wọ́n ń pè ní ophthalmologist. Dókítà ìṣègùn ni, ó ti kọ́kọ́ parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn odindi kó tó tún lo ọdún bíi mélòó kan sí i lọ́sibítù láti mọ ti ojú nìkan. Optometrist kì í ṣe iṣẹ́ abẹ. Òun ló ń yẹ ojú wò, tó ń mọ nọ́ńbà jígí tó bá ènìyàn mu, tó ń wo ẹ̀yìn ẹyinjú bóyá àìsàn ti wọ ibẹ̀, tó ń tọ́jú àwọn àìsàn ojú kan, tó sì ń darí èyí tó bá le sí ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ. Dispensing optician ló ń gba ìwé tí optometrist kọ, tó ń fi ṣe jígí náà, tó ń rí i pé ó jókòó dáadáa lójú ẹni tó ni ín. Nọ́ọ̀sì ojú náà wà, nọ́ọ̀sì tó ti gba ìwé ẹ̀rí tẹ́lẹ̀ ló máa ń lọ kọ́ ọ. Òbí tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa yọ kátáráàtì, tó wá fi optometry kún fọ́ọ̀mù JAMB rẹ̀, ti gba ọ̀nà mìíràn.

Ti optometry ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń bi, nítorí òun ló súnmọ́ ṣọ́ọ̀bù jù. Ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́dún JAMB, láti SS1 ni. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ wà ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì, kó sì ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísìrì àti báyọ́lọ́jì nínú WAEC tàbí NECO. Nínú JAMB, Gẹ̀ẹ́sì, físíìsì, kẹ́mísìrì àti báyọ́lọ́jì ló máa ṣe. Kí òbí má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn án pé físíìsì kò ṣe pàtàkì. Iṣẹ́ ojú kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀. Jígí tí wọ́n kọ +2 sí, ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá, tó gba inú rẹ̀ kọjá, á pàdé ara wọn ní ìdajì mítà. Tó bá jẹ́ +4, ìdámẹ́rin mítà ni. Orí ìṣirò yìí ni gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú ìwé jígí dúró lé. Ọmọ tó bá ń sá fún físíìsì ní sẹ́kọ́ńdìrì á tún bá a níwájú, níbi tó ti le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Yunifásítì Bìní ni àwọn ọmọ ilẹ̀ Yorùbá tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń lọ, tàbí kí wọ́n sọdá sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ábíá ní Uturu tàbí ti Ìpínlẹ̀ Ímò ní Owerri. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní Owerri náà ní in, Yunifásítì Bayero ní Kano ní in, ti aládàáni bíi Madonna náà wà níbẹ̀. Ní báyìí, Yunifásítì Ìlọrin ti ń kọ́ni ní optometry, èyí sì ti dín owó ọkọ̀ àti ìrònú àwọn òbí kan kù. Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn náà ń yọjú. Ohun tí òbí gbọ́dọ̀ béèrè kó tó sanwó ni bóyá òǹtẹ̀ méjì wà lórí ẹ̀kọ́ náà: ti NUC tó ń mójú tó yunifásítì, àti ti ODORBN, àjọ tó ń forúkọ àwọn optometrist àti àwọn dispensing optician sílẹ̀ ní Nàìjíríà, èyí tí òfin nọ́ńbà 34 ọdún 1989 dá sílẹ̀. Bí ti ODORBN kò bá sí, ọmọ lè lo ọdún mẹ́fà tán, kó gba ìwé ẹ̀rí, kó má sì rí ìwé àṣẹ gbà láti ṣiṣẹ́. Ìbéèrè yìí kò ná ènìyàn ju owó káàdì fóònù lọ.

Àwọn kan máa ń fi ìṣègùn sí ipò kìíní, tí yunifásítì á wá fún wọn ní optometry nítorí pé máàkì wọn kò tó. Kò sóhun ìtìjú níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ti ibẹ̀ di ẹni ńlá nínú iṣẹ́ náà. Ohun tí kò dára ni kí ọmọ gbà á pẹ̀lú ọkàn pé òun á yípadà lọ́dún tó ń bọ̀, kó máa fi owó òbí ṣeré fún ọdún méjì. Ó sàn kó ti lo ìsinmi rẹ̀ nílé ìwòsàn ojú kan nígbà tó wà ní SS2, kó jókòó, kó wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí kò bá ní sùúrù láti béèrè lọ́wọ́ ogójì ènìyàn lóòjọ́ pé “èyí àbí èyí, èwo lo rí jù?” á tètè mọ ara rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà fún ẹni tó gba JAMB wọlé. Sáyẹ́ǹsì gbogbogbò ni ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ nípa ara, nípa ojú, nípa ìmọ́lẹ̀, nípa oògùn àti àìsàn ojú, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ojú aláìsàn wò lábẹ́ àwọn ọ̀gá wọn. Oyè Doctor of Optometry, OD, ni wọ́n ń fún wọn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á ṣe ìkọ́ṣẹ́ ọlọ́dún kan tí wọ́n ń pè ní internship, níbi tí ODORBN fọwọ́ sí, kí wọ́n tó lọ sin ilẹ̀ bàbá wọn ní NYSC fún ọdún kan. Ọdún mẹ́jọ nìyẹn. Kò tíì sí ìyanṣẹ́lódì nínú rẹ̀ o. Ní 2022 nìkan, oṣù mẹ́jọ ni ASUU fi ti yunifásítì ìjọba pa. Oníṣòwò tó bá ń ka owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ka irú oṣù bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn.

Ìnáwó rẹ̀ kì í ṣe sísan owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan. Bí ọmọ bá ti ń súnmọ́ ìgbà tí wọ́n á máa yẹ aláìsàn wò, ó máa nílò irinṣẹ́ tirẹ̀: iná tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn ẹyinjú, èyí tí wọ́n fi ń mọ nọ́ńbà ojú, àti àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn. Ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ń wá, nítorí náà bí náírà bá ti ń já ni owó wọn ń gòkè, bó ṣe ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà lóṣù kẹfà, 2023. Òbí tó gbọ́n á máa fi nǹkan pamọ́ fún irinṣẹ́ láti ọdún kejì, kó má jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá béèrè rẹ̀ ni yóò máa sáré lọ yá owó nínú ẹgbẹ́ alájọṣe.

Nígbà tó bá parí, ibi iṣẹ́ pọ̀ díẹ̀. Ọ́sibítù ìjọba wà, tí wọ́n ń sanwó fún wọn lórí ètò CONHESS. Àwọn ilé ìwòsàn aládàáni àti àwọn ilé iṣẹ́ jígí tó ní ẹ̀ka káàkiri wà. Ẹni tó bá fẹ́ dá dúró ṣe é náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n kò dára kó jẹ́ lọ́dún tó gboyè ni yóò sáré gba ṣọ́ọ̀bù. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta lábẹ́ ọ̀gá á kọ́ ọ ní ohun tí yunifásítì kì í kọ́ni: bí wọ́n ṣe ń ra lẹ́ńsì, iye tó yẹ kó wà nílé, oníbàárà tó máa ń ṣe jígí tí kì í padà wá gbà á. Owó ilé iṣẹ́ ojú kì í ti ibì kan ṣoṣo wá. Owó àyẹ̀wò wà, owó lẹ́ńsì àti férémù wà, owó oògùn wà, ilé iṣẹ́ àti àwọn HMO sì lè kó òṣìṣẹ́ wọn wá. Àwọn HMO máa ń pẹ́ kí wọ́n tó sanwó, ẹni tí gbogbo owó rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ wọn lè máa rí aláìsàn kó má rí owó iná san.

Oníṣòwò tí kò ní ọmọ tó fẹ́ kọ́ ọ, ṣùgbọ́n tó fẹ́ dówó sí i, kò sí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rù. Ó lè dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, kó gba optometrist tó ní ìwé àṣẹ tó ṣì múná dóko, nítorí ọdọọdún ni wọ́n ń sọ ìwé náà dọ̀tun. Ohun tí òfin kọ̀ ni kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ ODORBN máa yẹ ojú ènìyàn wò kó sì máa gbowó, ẹni tí wọ́n bá mú sì lè rí ilé ẹjọ́. Kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ oṣù mẹ́fà kankan tó ń sọ ènìyàn di optometrist, bó ti wù kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dán tó.

Nípa àwọn jígí orí tábìlì lẹ́bàá títì, ó yẹ kí òótọ́ di sísọ. Ti ìkàwé tí wọ́n ń tà níbẹ̀ kì í fọ́ ojú, bí àwọn kan ṣe ń sọ. Nọ́ńbà kan náà ló wà lójú méjèèjì, kò sì bá ẹni tí ojú rẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba mu, àmọ́ ẹlòmíràn lè fi kàwé kó sì gbádùn rẹ̀. Ewu rẹ̀ wà níbòmíràn. Gulakóómà kì í dun ènìyàn. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí ojú ń rí dé ló ti máa ń jẹ ẹ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì ti lọ kì í padà. Ẹni tó ra jígí lójú títì, tó sì ń ríwèé kà, á gbà pé ojú òun ti dára, kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè wọn agbára omi inú ẹyinjú rẹ̀ kó sì wo iṣan ẹ̀yìn rẹ̀. Iṣẹ́ tí ọmọ ń fi ọdún mẹ́fà kọ́ nìyẹn.

Àwọn òbí kan ń ro ti òkè òkun mọ́ ọn. Kí wọ́n mọ̀ pé oyè OD ti Nàìjíríà kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tààrà. Ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ ni optometry, ìdánwò tí wọ́n ń pè ní OAT ni wọ́n sì fi ń wọlé. Ẹni tó ti kọ́ ọ níbòmíràn máa ń padà sí kíláàsì fún ìgbà díẹ̀ kó tó lè jókòó ṣe ìdánwò ìwé àṣẹ wọn. Ní Ìlú Ọba, General Optical Council ló ń wo ìwé ẹni, òun ló sì máa sọ ohun tó kù tí onítọ̀hún gbọ́dọ̀ ṣe. Ọmọ tó bá ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn, kó tètè sọ fún àwọn tó ń sanwó fún un, nítorí owó tí wọ́n ń tọ́jú de ṣọ́ọ̀bù kọ́ ni owó ìdánwò lókè òkun.