Ṣé Ká Gé Tẹ́ẹ̀kì Ẹ̀yìnkùlé, Ká Fi Igi Eléso Rọ́pò Rẹ̀?

Lóṣù tó kọjá, ìyá kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà rédíò. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Igi tẹ́ẹ̀kì bí ogójì ló fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, èyí táwọn mìíràn ń pè ní gẹdú. Oníṣòwò pákó kan ti wá kà wọ́n, ó ní òun á kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìyá fẹ́ gbà, kó lè gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, ìbẹ́pẹ àti ẹ̀fọ́ síbẹ̀, torí gbogbo èso táwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ, ọjà ló ti ń rà á. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan igi ẹ̀gbọ́n òun. Ó wá bi mí pé: "Olùkọ́, kí ni kí n ṣe?"

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo igi náà fúnra rẹ̀. Ṣé oúnjẹ lè hù lábẹ́ tẹ́ẹ̀kì? Díẹ̀ ni. Ewé rẹ̀ fẹ̀ ju abọ́ lọ. Nígbà òjò, oòrùn kì í ráyè kọjá, omi á gbára jọ sórí ewé, á wá já lulẹ̀ gbì, á sì máa gbá ilẹ̀ tó lọ́ràá lọ. Gbòǹgbò rẹ̀ á tún máa bá ẹ̀fọ́ yín du omi. Tó bá di ọ̀gbẹlẹ̀, gbogbo ewé á wọ́, àwa náà á sì dáná sun ún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé tẹ́ẹ̀kì ní oró nínú, ẹ wo iná yẹn ná. Ta ló ń dá a?

Àmọ́ ẹ má tíì gbé àáké. Àwọn oníẹ̀kọ ń ra ewé rẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ là ń fi kan òrùlé. Igi tó tẹ́ẹ́rẹ́ lónìí á níye lórí ju bẹ́ẹ̀ lọ tó bá sanra. Ẹni tó ní òun á kó ogójì lẹ́ẹ̀kan, owó ọ̀pá ló fẹ́ fi ra gedú. Ẹ pe oníṣòwò méjì mìíràn, kí wọ́n wọn igi níkọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ yẹn ńkọ́? Kì í ṣe ìlara lásán. Nílẹ̀ wa, ẹni tó yá ilẹ̀ dáko kì í gbin igi sí i, torí igi ni ẹ̀rí pé ẹnì kan ló ni ibẹ̀. Ẹ gé gbogbo rẹ̀ tán, aládùúgbò lè sún ààlà lọ́dún tó ń bọ̀. Nítorí náà, ẹ pe mọ̀lẹ́bí jókòó. Òfin ẹbí ti ọdún 2004 fún ìyàwó àti ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ nínú ogún. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 2013 sì jẹ́ kéèyàn lè gba ìwé tí wọ́n ń pè ní Attestation de Détention Coutumière. Ẹ tún dé ọ̀dọ̀ àwọn Eaux et Forêts kẹ́ ẹ tó gé igi, kí ọkọ̀ sì tó gbé e. Igi tí kò níwèé lè há sójú ọ̀nà.

Ohun tí mo sọ fún ìyá yẹn ni pé kó má gé gbogbo rẹ̀. Kó fi ìlà tó wà níhà àríwá àti ìlà oòrùn sílẹ̀, ibẹ̀ ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, kó sì fi èyí tó wà lójú ààlà sílẹ̀. Kó gé èyí tó sún mọ́ ilé ìdáná. Kó rántí pé kùkùté tẹ́ẹ̀kì kì í kú bọ̀rọ̀. Mo gé mẹ́ta nílé tèmi, mo gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀, kò tíì pọ́dún tí èéhù fi ga ju ẹ̀gẹ́ lọ! Ẹ máa já èéhù náà léraléra, tàbí kẹ́ ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ kó di ọ̀pá.

Tí òjò bá ti rin ilẹ̀ dáadáa, ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ síbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí. Ìbẹ́pẹ lè so kó tó ju ọdún kan lọ, òtílí náà ò ní pẹ́. Ọsàn àti máńgòrò tí wọ́n lọ́ á gbà tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ má sì gbin ju máńgòrò kan lọ, torí òun náà á ṣíji bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé lọ́la. Ìbẹ́pẹ pípọ́n, máńgòrò àti ewé mòríńgà ní fítámì A tó ń ran ojú ọmọdé lọ́wọ́. Ewúrẹ́ náà mọ̀ pé wọ́n dùn, nítorí náà ẹ ṣọgbà yí wọn ká. Ẹ̀ka tẹ́ẹ̀kì tẹ́ ẹ gé á tó fún un.

Ìyá náà àti àbúrò ọkọ rẹ̀ ti jọ fi ẹfun sàmì sí igi mẹ́rìnlá. Èyí tó kù wà lórí ìdúró.