Ìwé Èsì Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ ní Èdè Yorùbá: Táírọ́ìdì tí Kò Ṣiṣẹ́ Tó àti Àìtó Èròjà Oúnjẹ

Láàrin gbogbo ìwé tí ilé ìwòsàn ń fi lé aláìsàn lọ́wọ́, èyí tí ó ṣòro jù láti túmọ̀ sí èdè Yorùbá ni ìwé èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀. Nọ́ńbà ni ó kún ibẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà méjì tí í dẹ́rù ba ènìyàn: H fún ohun tí ó ga ju ìwọ̀n lọ, L fún ohun tí ó relẹ̀. Bí a bá gbà pé obìnrin oníṣòwò kan ní Benson, ní Ìkòròdú, tàbí ẹlẹ́ja kan ní Ẹ̀pẹ́, lọ ṣe àyẹ̀wò nítorí pé ó ń rẹ̀ ẹ́ láìṣiṣẹ́, tí òtútù ń mú un nígbà tí ooru ń mú àwọn ẹlòmíràn, tí ó sì ń sanra bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ rẹ̀ kò pọ̀ sí i, ohun tí yóò bá nínú ìwé náà lè rí báyìí: TSH 9.6, H, hẹ̀mọ́gílóbìnì 10.4, L, férítìnì 8, L. Ọmọ rẹ̀ tí ó kàwé yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un pé, “Màmá, táírọ́ìdì yín ti pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ yín sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.” Gbólóhùn méjèèjì ni kò tọ̀nà. Òdìkejì ti àkọ́kọ́ gan-an ni òtítọ́.

Táírọ́ìdì jẹ́ ẹ̀yà ara kékeré kan ní iwájú ọrùn, nísàlẹ̀ gògóńgò, tí ó na apá rẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà èémí bí ìyẹ́ labalábá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sun oje sínú ẹ̀jẹ̀, oje tí í sọ fún gbogbo ara bí yóò ti yára tó ní lílo oúnjẹ àti ní mímú ooru jáde. Láti ayé àwọn bàbá wa ni Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ náà gẹ̀gẹ̀, àwọn atúmọ̀ kan sì ń fi í pe gbogbo àrùn táírọ́ìdì. Àṣìlò ni èyí. Gẹ̀gẹ̀ jẹ́ orúkọ ohun tí ojú rí, èyíinì ni wíwú ọrùn. Táírọ́ìdì tí ó wú lè máa ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, ó lè ṣe àṣejù, ó sì lè má ṣe tó. Bẹ́ẹ̀ ni èyí tí kò ṣiṣẹ́ tó lè wà lọ́rùn tí ó rí gbọnrangandan láìní wíwú kankan. Bí a bá wá pe àrùn náà ní gẹ̀gẹ̀, ẹni tí ọrùn rẹ̀ kò wú yóò rò pé òun kò ní i. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ wú, ẹ̀wẹ̀, yóò fi ìborùn bò ó mọ́lẹ̀, nítorí pé òwe “Onígẹ̀gẹ̀ ìṣáájú ni ó ba ti ìkẹ́yìn jẹ́” kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn. Orúkọ tí ó bá ọ̀rọ̀ mu ni àìṣiṣẹ́-tó táírọ́ìdì, kí àṣejù táírọ́ìdì sì jẹ́ òdìkejì rẹ̀.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 wà fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni; kò dé yàrá àyẹ̀wò. Nítorí náà, họ́mónù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe irú oje tí táírọ́ìdì ń sun. Kò sí ohun tí ó burú nínú àyálò náà, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. “Oje ìránṣẹ́” ṣàlàyé ara rẹ̀: a sun ún níbì kan, ó sì bá ẹ̀jẹ̀ lọ jẹ́ iṣẹ́ níbòmíràn. Méjì ni oje ìránṣẹ́ pàtàkì tí táírọ́ìdì ń sun, T4 àti T3. Nọ́ńbà inú orúkọ wọn kì í ṣe ipò. Iye átọ́ọ̀mù áyódìnì tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni.

TSH ni ó ń da ìtumọ̀ rú. Kì í ṣe táírọ́ìdì ni ó ń sun ún. Lábẹ́ ọpọlọ ni ẹ̀yà ara mìíràn wà, tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ, òun ni ó sì ń rán TSH láti ké sí táírọ́ìdì pé kí ó ṣiṣẹ́. Ìyá tí ń pe ọmọ láti inú ilé kì í pariwo bí ọmọ bá tètè jẹ́ ẹ. Bí ọmọ kò bá dáhùn, ohùn ìyá a máa ròkè sí i. Bákan náà ni TSH: bí táírọ́ìdì kò bá ṣiṣẹ́ tó, ìpè a máa le sí i, nọ́ńbà a sì máa ga. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a pe TSH ní oje aképè, kí a má sì pè é ní “oje táírọ́ìdì”. H tí ó wà níwájú 9.6 ń sọ pé ìpè ti di ariwo; kò sọ pé táírọ́ìdì lágbára. Nínú ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò, láàrin nǹkan bí 0.4 sí 4.0 mIU/L ni a ń retí rẹ̀ lára àgbàlagbà tí kò lóyún. Ṣùgbọ́n ìwé tí TSH nìkan wà lórí rẹ̀ kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Bí TSH bá ga tí T4 sì relẹ̀, àìṣiṣẹ́-tó ti hàn gbangba. Bí TSH bá ga díẹ̀ tí T4 sì wà bí ó ti yẹ, àwọn oníṣègùn a máa tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù 2 tàbí 3, nítorí pé ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ a máa padà sípò fúnra rẹ̀. Ó sì ń ṣẹlẹ̀, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀, pé akéni gan-an ni ó ń ṣàìsàn: T4 yóò relẹ̀, TSH kò sì ní í ga.

Ìwọ̀n tí a tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà ni àwọn kan ń pè ní “ìwọ̀n ìlera”. Orúkọ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó ń ṣini lọ́nà. Bí a ṣe sábà ń rí i ni pé a ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn dá ṣáṣá wò, a ó sì mú àárín tí 95 nínú 100 wọn bọ́ sí. Márùn-ún ìyókù kò ṣàìsàn. Bí a bá ṣe àyẹ̀wò 20 tí ọ̀kan kò gbára lé èkejì fún ẹni tí nǹkan kan kò ṣe, nǹkan bí ìgbà 64 nínú 100 ni ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn yóò fi gba H tàbí L. “Ìwọ̀n ìfiwéra” sàn ju “ìwọ̀n ìlera” lọ.

Ọ̀rọ̀ Ẹ̀pẹ́ yẹ ní sísọ níhìn-ín, nítorí pé ìlú náà ní ipò tirẹ̀ nínú ìtàn ìmọ̀ nípa oúnjẹ àti àìsàn. Ní 1958, nígbà tí Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú ṣì wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, kí wọ́n tó di ara Ìpínlẹ̀ Èkó ní 1967, oníṣègùn G. L. Money kọ̀wé jáde nípa àrùn iṣan-ìmọ̀lára kan tí ó wọ́pọ̀ ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Ẹsẹ̀ àwọn tí ó ń ṣe a máa kú, wọn kì í lè rìn gún régé, ojú àti etí wọn a sì máa kọṣẹ́. Ní 1968, B. O. Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn fi hàn pé táyósáyánéètì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Láti ara ẹ̀gẹ́ ni èyí ti ń wá. Oró sáyánáìdì wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Rírìn, kíkan àti yíyan gàrí a máa mú púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò. Ìyókù ni ara ń fi imí-ọjọ́ inú ẹja, ẹran àti ẹ̀wà sọ di táyósáyánéètì, kí ó lè bá ìtọ̀ jáde. Táyósáyánéètì yìí kan náà ni ó ń dí áyódìnì lọ́nà láti wọ inú táírọ́ìdì. Nítorí náà, níbi tí áyódìnì kò bá ti tó, tí oúnjẹ sì jẹ́ kìkì ẹ̀gẹ́, gẹ̀gẹ̀ a máa pọ̀. O. L. Ekpechi ti ṣàlàyé ìbáṣepọ̀ yìí ní 1967 láti ara ìwádìí ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà.

Ẹ̀kọ́ tí atúmọ̀ yóò rí kọ́ nínú èyí wà nínú ohun tí ó tẹ̀lé e. Wọ́n fún àwọn aláìsàn iṣan náà ní fítámìnì B12 àti ráíbófílébìnì nínú ìdánwò kan tí a tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1970; àǹfààní kankan kò hàn. Ní 2003, ìwádìí tí O. S. A. Olúwọlé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sọ pé sáyánáìdì inú oúnjẹ kò jọ ohun tí ó ń fa àrùn náà. Nọ́ńbà tí ó ga nínú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí. Kì í ṣe adájọ́. Èdè tí ó bá sọ H di orúkọ àrùn ti gba ẹnu ẹlẹ́rìí dájọ́.

Ní ti áyódìnì fúnra rẹ̀, ìwé èsì ẹ̀jẹ̀ kì í sábà sọ nǹkan kan. Ìtọ̀ ni a fi ń wọ̀n ọ́n, ti ọ̀pọ̀ ènìyàn pa pọ̀, nítorí pé ti ẹnì kan ṣoṣo ń yí padà láti ọjọ́ dé ọjọ́. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fi áyódìnì sínú iyọ̀ káàkiri ní 1993, ní 2005 sì ni a kà á sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó kẹ́sẹ járí nínú rẹ̀. Níbi tí áyódìnì bá ti tó, ohun tí ó sábà ń fa àìṣiṣẹ́-tó ni pé àwọn ọmọ-ogun ara dojú ìjà kọ táírọ́ìdì, bí Hakaru Hashimoto ará Japan ti ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1912. Irú àìsàn yìí kò fẹ́ àlékún áyódìnì. Ó tilẹ̀ lè fi kún un.

Ó wá ku ẹ̀jẹ̀. “Àìtó ẹ̀jẹ̀” ti jókòó sẹ́nu Yorùbá, kò sì sí ìdí láti lé e jáde, bí a bá lè ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ náà lè kún iṣan títí kí ó má sì tó. Hẹ̀mọ́gílóbìnì, èròjà pupa tí í gbé ọ́síjìn kiri, ni ó dín. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìlà sí 12 nínú déṣílítà fún obìnrin tí kò lóyún, 13 fún ọkùnrin. Ẹni tí ó gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ òun ti tán yóò sáré ra oògùn ẹ̀jẹ̀, kò sì ní í béèrè ibi tí ó ń gbà lọ, ì báà jẹ́ nǹkan oṣù tí ó pọ̀ jù tàbí aràn inú. Férítìnì yàtọ̀. Àká ni. Ó ń sọ iye irin tí ara kó pa mọ́. Àká a máa gbẹ kí oúnjẹ tó wọ́n nínú ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ ni férítìnì a máa relẹ̀ kí hẹ̀mọ́gílóbìnì tó relẹ̀. Bí ó bá wà lábẹ́ 15 nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tí kò ní àìsàn mìíràn, àká ti gbẹ. Ṣùgbọ́n ibà a máa mú kí ó ga láìjẹ́ pé irin pọ̀, nítorí náà ni Àjọ náà fi gbé ìlà lọ sí 70 fún ẹni tí kòkòrò àrùn ń bá jà. Fítámìnì B12, tí ẹja, ẹran, ẹyin àti wàrà ń fúnni, a máa mú ẹsẹ̀ kú bí kò bá tó. Àìtó rẹ̀ sì lè bá àìsàn Hashimoto rìn pọ̀. Níbi gbogbo wọ̀nyí, àìtó ni L, kì í ṣe àìsí.

Ọ̀rọ̀ irin àti ti táírọ́ìdì kò jìnnà síra wọn. Irin wà lára ohun tí táírọ́ìdì fi ń so áyódìnì mọ́ oje rẹ̀. Táírọ́ìdì tí kò ṣiṣẹ́ tó sì lè mú nǹkan oṣù pọ̀ débi pé irin á máa bá a lọ. Obìnrin oníṣòwò yẹn lè gba oògùn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Bí ó bá gbé hóró irin mì pọ̀ mọ́ hóró táírọ́sìnì, irin yóò di táírọ́sìnì mú nínú ìfun, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì ní í wọnú ẹ̀jẹ̀. Wákàtí mẹ́rin ni ó yẹ kí ó wà láàrin wọn, kí ó sì lo táírọ́sìnì kí ó tó jẹun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni a tún ń yẹ TSH wò, nítorí pé oje aképè kì í tètè gbọ́ pé wọ́n ti dá òun lóhùn.