Wíwá Orúkọ fún Ẹyẹ Tí Ń Rìn Lójú Òkun

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó dàgbà ní Adó-Èkìtì mọ alápàńdẹ̀dẹ̀, ẹyẹ tí ń fi amọ̀ kọ́lé sábẹ́ òrùlé; ṣùgbọ́n òkun kò dé Èkìtì. Bí olùkọ́ bá wá bá Oceanites oceanicus pàdé nínú ìwé, ó lè yá a lára láti pè é ní "alápàńdẹ̀dẹ̀ òkun". Orúkọ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó ń ṣini lọ́nà, nítorí àwọn ẹyẹ méjèèjì kì í ṣe ìbátan.

Ẹyẹ yìí gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 19, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì jìnnà sí gíráàmù 40. Ara rẹ̀ dúdú, àfi ìbàdí rẹ̀ tó funfun. Bí ó bá ń wá oúnjẹ, a na apá sókè, a sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ ojú omi bí ẹni ń rìn. Ìhà Àǹtátíkà ni ó ti ń yé ẹyin. Bí òtútù bá dé níbẹ̀, a fò gba orí òkun Àtìláńtíìkì lọ sí àríwá.

Ìbàdí funfun nìkan kò tó láti dá a mọ̀. Àwọn méjì mìíràn tó jọ ọ́ a máa gba òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọjá. Ìrù Hydrobates leucorhous là sí méjì. Hydrobates pelagicus ní ìlà funfun lábẹ́ apá. Ti Oceanites ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ kọjá ìrù bí ó bá ń fò.

Nítorí náà, "arìnlókun" ni ó yẹ ọ̀wọ́ náà, láti inú "rìn", "ní" àti "òkun". Ọ̀pọ̀ ènìyàn so orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ pàápàá, petrel, mọ́ Pétérù tó rìn lórí omi. Lẹ́yìn èyí, àmì ìdánimọ̀ yóò pín wọn: arìnlókun ẹlẹ́sẹ̀-gígùn fún Oceanites, arìnlókun onírù-pàlàkà, àti arìnlókun alábíyá-funfun.

Síbẹ̀, kí a tó fi òǹtẹ̀ lu ọ̀rọ̀ yìí, ó yẹ kí olùtumọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ bi àwọn apẹja Ìlàjẹ léèrè. Bí wọ́n bá ti ní orúkọ fún ẹyẹ náà, kí arìnlókun yẹ̀ fún un. Ẹni tó ń rí nǹkan lójoojúmọ́ ni ó lẹ́tọ̀ọ́ jù láti sọ ọ́ lórúkọ.