Ẹ́ńjìnì jet ski lórí ilẹ̀ gbígbẹ: ṣé omi ló yẹ kó ṣáájú ni, àbí kọ́kọ́rọ́?

Ní Ajah ní Èkó, ẹni tó bá ní jet ski, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń gùn bí alùpùpù lórí omi, kì í sábà fi í sílẹ̀ sínú ọ̀sà mọ́jú. Bí wọ́n bá ti gbafẹ́ tán, wọ́n á fà á gòkè ní etí omi Badore tàbí Langbasa, wọ́n á gbé e lé tírélà kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ìdí mọ́tò, ó di inú ọgbà ilé. Inú ọgbà yìí ni wọ́n ti ń fi omi tó mọ́ ṣan iyọ̀ inú ẹ́ńjìnì rẹ̀ dànù. Inú ọgbà yìí kan náà ni ẹ́ńjìnì tó ti ọ̀sà dé láìní àbùkù ti lè bàjẹ́ kí a tó ṣẹ́jú pẹ́.

Ẹni tó bà á jẹ́ lè má jẹ́ aláìbìkítà rárá. Ó lè jẹ́ mẹkáníìkì tó fẹ́ ṣe ìtọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ: ó so rọ́bà omi mọ́ ọn, ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó wá ní kí ẹni tó ni ọkọ̀ ṣáná sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ṣe ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ló sì tọ́ fún ẹ́ńjìnì tó pọ̀ jù lórí omi Èkó. Fún jet ski, ìlànà yẹn léwu gidigidi.

Ẹ́ńjìnì méjì, òfin méjì

Àwọn ọkọ̀ apẹja Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn, àti àwọn ọkọ̀ fáíbà tó ń kó èrò láti Badore sọdá sí Ijede ní ìhà Ìkòròdú, outboard ni ẹ́ńjìnì wọn. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n gbé e kọ́: orí rẹ̀ wà lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn wọ inú omi, abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí sì wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ náà. Rọ́bà kékeré kan wà nínú ẹsẹ̀ yìí tó ń yí bí ẹ́ńjìnì bá ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń fa omi ọ̀sà gòkè láti mú ẹ́ńjìnì tutù. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ ní Badore rí á ti rí omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń tú jáde lára ẹ́ńjìnì náà. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ kì í mójú kúrò níbẹ̀, nítorí bí omi yẹn bá fi lè dá, ẹ́ńjìnì ti ń gbóná nìyẹn.

Rọ́bà inú ẹsẹ̀ yìí kò lè yí ní gbígbẹ. Omi tó ń fà ló ń jẹ́ kó máa yọ̀; bí kò bá sí i, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó láti jó o. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fẹ́ tan outboard lórí ilẹ̀ fi gbọ́dọ̀ fi ìdérí onírọ́bà méjì bo ibi tí omi ń gbà wọlé, kó ṣí ẹ̀rọ omi, kó rí i pé omi ń dà dáadáa, kó tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Bí omi bá tilẹ̀ ṣáájú iná fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kò séwu. Orí ẹ́ńjìnì wà lókè, omi á kàn ṣàn gba inú ẹsẹ̀ padà sílẹ̀.

Jet ski kò ní ẹsẹ̀. Inú ikùn rẹ̀ ni ẹ́ńjìnì wà, nísàlẹ̀ pátápátá. Ohun tó ń gbé e sáré jẹ́ túùbù kan lábẹ́ ìdí rẹ̀: abẹ̀bẹ̀ irin inú túùbù náà ń fa omi wọlé láti abẹ́ ọkọ̀, ó sì ń tú u jáde lẹ́yìn tagbáratagbára. Nínú omi alágbára yẹn ni wọ́n ti ya díẹ̀ gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sára ẹ́ńjìnì. Omi tó bá ti ṣiṣẹ́ tán níbẹ̀ á bọ́ sínú sàlẹ́ńsà, á dà pọ̀ mọ́ èéfín, èéfín á sì tì í jáde.

Èéfín ló ń tì í jáde. Bí ẹ́ńjìnì kò bá ṣiṣẹ́, èéfín kò sí. Bí ẹ bá wá ṣí ẹ̀rọ omi nígbà náà, omi á kún sàlẹ́ńsà, á sì gba ojú ọ̀nà èéfín padà wọ inú ẹ́ńjìnì, títí dé orí písítìn. Omi kò sì ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Nígbà tí ẹni tó ni ọkọ̀ bá yí kọ́kọ́rọ́, písítìn á gbéra gòkè, á lọ kọ lu omi tí kò ríbi sá sí, ọ̀pá irin tó gbé písítìn dúró á sì tẹ̀. Ẹ lè gbọ́ ìró “gbà!” kan ṣoṣo, kí ẹ́ńjìnì tó tó mílíọ̀nù owó di ohun tí wọ́n ń tú palẹ̀.

Nítorí náà, ti jet ski yàtọ̀ sí ti outboard pátápátá. Ẹ so rọ́bà omi mọ́ ojú ibi tí wọ́n ṣe fún un, ẹ má ṣí ẹ̀rọ. Ẹ tan ẹ́ńjìnì, kí ẹ wá ṣí omi lójú ẹsẹ̀. Bó bá kan ìparí, omi ni ẹ ó kọ́kọ́ tì. Ẹ tẹ ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kí èéfín lè gbá omi tó kù jáde, kí ẹ tó pa á. Ìwé ìlò WaveRunner, jet ski ti Yamaha, sọ pé ẹ́ńjìnì náà kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ lórí ilẹ̀ láìsí omi. Àkókò díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó tó fún ènìyàn méjì tó ti sọ ọ̀rọ̀ náà yé ara wọn: ọ̀kan dúró ti kọ́kọ́rọ́, èkejì dúró ti ẹ̀rọ omi. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń sáré láti ìdí ọkọ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti ṣí omi kò yẹ kó dán an wò.

Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé àwọn ọkọ̀ ńlá kan wà tí wọ́n ń lo túùbù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnì wọn ní rọ́bà tó ń fa omi tirẹ̀ lọ́tọ̀. Òfin outboard ló bá irú wọn mu. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ náà hàn yín, ìwé ìlò ni yóò sọ ọ́. Tòkunbọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń wọlé, kì í bá ìwé kankan wá. Yamaha àti iléeṣẹ́ tó ń ṣe jet ski Sea-Doo ti kó ìwé ìlò wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó dùn mí pé àwọn tó ń ta jet ski kì í tẹ ojú ewé kan ṣoṣo tó sọ ìlànà yìí jáde, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìjókòó ní èdè tí mẹkáníìkì ń kà.

Ooru, iná mànàmáná, àti omi bọhóòlù

Iná tó ń ṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù máa ń gbóná ju 2,000°C lọ. Alumíníọ̀mù ń yọ́ ní 660°C, òun ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi ń rọ písítìn àti orí ẹ́ńjìnì. Omi tó ń ṣàn ni kì í jẹ́ kí ooru náà mú irin yìí. Bí omi bá dá, rọ́bà àti ike ara sàlẹ́ńsà ló sábà máa ń kọ́kọ́ jó, nítorí omi nìkan ló ń jẹ́ kí wọ́n lè gba èéfín gbígbóná mọ́ra. Lẹ́yìn ìyẹn ni top gasket, lẹ́yìn náà písítìn á wú, á há, ẹ́ńjìnì á nọ́kì.

Àwọn kan máa ń sọ pé Sea-Doo kò ní irú ìṣòro yìí, pé ó ní kúláǹtì tirẹ̀ bíi ti mọ́tò. Lóòótọ́ ló ní in. Ṣùgbọ́n pẹpẹ irin abẹ́ ọkọ̀ ni kúláǹtì náà ti ń tutù, omi ọ̀sà tó ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ló sì ń mú ooru náà lọ. Lórí tírélà, afẹ́fẹ́ lásán ló wà níbẹ̀. Sàlẹ́ńsà rẹ̀ ṣì nílò omi láti ìta, ohun tó sì dí ibi tí ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ ti gba ara ọkọ̀ jáde kò ní ohunkóhun tí yóò mú un tutù lórí ilẹ̀. Ìyẹn ni ìwé ìlò rẹ̀ fi sọ pé kó má ṣiṣẹ́ ju ìṣẹ́jú 2 lọ lórí ilẹ̀, bí rọ́bà omi bá tilẹ̀ wà lára rẹ̀.

Ní ọgbà ilé Ajah, ohun mìíràn tún wà tí ìwé ìlò kò lè mọ̀. Bí ẹ bá ń gba omi tààrà láti ẹnu ẹ̀rọ tó ń fa omi bọhóòlù, tí wọ́n sì múná lọ, omi á dá lójijì, ẹ́ńjìnì ní tirẹ̀ á ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ariwo rẹ̀ lè má jẹ́ kí ẹ gbọ́ pé ẹ̀rọ tó ń fa omi ti dákẹ́. Omi láti inú tánkì tó wà lókè ló dára jù, kí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ omi sì máa wo ibi tí omi ń gbà jáde lẹ́yìn ọkọ̀ láìmójú kúrò.

Irú omi náà sì ṣe pàtàkì. Iyọ̀ ni a fẹ́ lé jáde: bí omi ọ̀sà bá gbẹ sínú ojú ọ̀nà tóóró ara ẹ́ńjìnì, iyọ̀ funfun á dì síbẹ̀, á dín ọ̀nà omi kù, á sì máa jẹ irin náà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́kí àti Ajah wà láàárín òkun àti ọ̀sà, omi òkun sì ti ń yọ́ wọ inú omi abẹ́ ilẹ̀ ní àwọn ibì kan. Àwọn bọhóòlù mìíràn ń fa omi pupa tí ìpẹtà kún inú rẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ nínú omi tí ẹ fẹ́ lò: bí ọṣẹ kò bá hó, ẹ wá omi mìíràn, ì báà jẹ́ omi òjò tí ẹ gbè. Ní ìgbà òjò, tí omi odò bá ti fọ́n iyọ̀ ọ̀sà ká, àwọn olówó ọkọ̀ kan máa ń fo ìṣanra yìí pátápátá. N kò bá wọn gbà. Ẹrẹ̀ ni odò ń gbé bọ̀ nígbà yẹn, ojú ọ̀nà tóóró kan náà ni ẹrẹ̀ ń dí.

Ọwọ́ àti túùbù

Bill Hamilton, tó ń sin àgùntàn ní Irishman Creek ní ilẹ̀ New Zealand, ni ayé mọ̀ mọ́ ọkọ̀ onítúùbù irú èyí, láàárín àwọn ọdún 1950. Odò ìhà ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò jìn, òkúta kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ irin tó yọ síta kò lè yè níbẹ̀. Ó kó o pamọ́ sínú túùbù. Nígbà tó di 1960, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti gun odò Colorado lòdì sí ìṣàn omi, gba àárín Grand Canyon kọjá, ní Amẹ́ríkà. Kawasaki gbé Jet Ski wá sọ́jà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970.

Odò olókúta ni Hamilton ní lọ́kàn. Ní ọ̀sà Èkó, túùbù náà ń fa ọ̀rá omi pure water wọlé, ó ń fa okùn àwọ̀n tó já, ó sì ń fa ewéko tó ń léfòó tí wọ́n ń pè ní water hyacinth. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí ewéko yìí ní Nàìjíríà, ní àwọn odò ìhà Badagry tó so pọ̀ mọ́ ti orílẹ̀-èdè Benin. Ọ̀rá kan ṣoṣo lè wé mọ́ ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ pinpin, kó yọ́ mọ́ ọn, omi tó yẹ kó mú ẹ́ńjìnì tutù á sì dín kù.

Ìyẹn ló ń mú kí àwọn ènìyàn ki ọwọ́ bọ abẹ́ ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí tírélà, kí wọ́n lè rí bóyá abẹ̀bẹ̀ ń yí. Lórí ọ̀pọ̀ jet ski, bí ẹ́ńjìnì bá ti tàn, abẹ̀bẹ̀ ti ń yí nìyẹn. Kò sí jíà tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ túùbù náà, kí ẹ́ńjìnì ti kú, kí okùn ààbò tí awakọ̀ ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ sì ti wà nínú àpò ẹni tó fẹ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kí ọmọdé má ṣe wà lẹ́yìn ọkọ̀ rárá.

Ẹ ṣí ìjókòó sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ tó ṣáná. Oru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀ ló ń jókòó sí, iná kékeré láti ara bátìrì ti tó fún un. Ẹ má sì tan ẹ́ńjìnì nínú gáréèjì. Afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa ìdílé sójú oorun wà nínú èéfín ti jet ski náà, kò sì ní òórùn tí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n.

Bí omi bá ti ṣèèṣì wọ inú ẹ́ńjìnì, ẹ má ṣe tún yí kọ́kọ́rọ́ wò bóyá yóò tàn. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, kó gbé wáyà wọn jìnnà, kó sì yí ẹ́ńjìnì lófìfo kí omi lè tú jáde lójú ihò wọn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ orí bò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ fa irin ìwọn ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá ti funfun bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, omi ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n dà á nù, nítorí láàárín wákàtí díẹ̀ ni ìpẹtà ń bẹ̀rẹ̀ lára irin. Kí wọ́n bu tuntun sí i, kí wọ́n tan ẹ́ńjìnì fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tún wo irin ìwọn náà, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ ọ́ìlì títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi mọ́.