Ike Nínú Egungun Ẹ̀yìn

Ìyá kan tí ó ń ta iṣu ní ọjà Ìkòtún bi wá pé, "Ẹ̀yin tíṣà, ṣé òótọ́ ni pé ike ni dókítà fẹ́ fi sí ẹ̀yìn ọmọ mi? Ṣé ike bíi ti kẹ́ẹ̀gì?" Sìmẹ́ńtì ni ọmọ náà ń rù ní Ìgàndò, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì ti ń kú.

Egungun 24 ni ó to léra wọn láti ọrùn dé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Kerekere tí ó rọ̀ bíi tìmùtìmù wà láàrin wọn. Bí ó bá jẹ, ó lè tẹ iṣan tí ó lọ sí ẹsẹ̀. Púpọ̀ nínú ẹ̀yìn dídùn kò béèrè ọ̀bẹ o. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà kò bá lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, ẹ má gbé e lọ fún ẹni tí yóò fa ẹ̀yìn. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré lọ.

Láti 1911 ni dókítà Hibbs àti Albee ti ń so egungun ẹ̀yìn pọ̀ ní New York. Egungun aláìsàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n lò. Nígbà tí ó yá, irin titanium dé. Ó lágbára, ṣùgbọ́n ó le ju egungun lọ. Nígbà mìíràn á rì sínú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ àga ti ń rì sínú iyẹ̀pẹ̀.

Ike tí à ń wí yìí, PEEK, kì í ṣe ike kẹ́ẹ̀gì rárá. Omi ń hó ní ìwọ̀n 100; ike yìí kì í yọ́ títí ooru yóò fi dé 343. Líle rẹ̀ súnmọ́ ti egungun, X-ray sì ń rí inú rẹ̀ kọjá. Àpótí kékeré oníhò ni wọ́n fi ṣe. Dókítà á yọ kerekere tó ti jẹ, á rọ́ egungun wẹ́wẹ́ sínú ihò àpótí náà, á sì kì í bọ àárín egungun méjèèjì. Ẹ rántí pákó tí bíríkìlà fi ń gba kọnkéré dúró. Pákó ni ike yìí, egungun tí yóò hù la inú ihò ni kọnkéré. Àfi pé pákó tiwa kì í jáde mọ́. Ó ń gba oṣù mélòó kan. Sìgá a sì máa fà á sẹ́yìn. Àléébù rẹ̀ ni pé egungun kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà àwọn kan ń fi titanium fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó.

Ìgbóbì ni wọ́n ní kí wọ́n lọ, ilé ìwòsàn egungun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1943 fún àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun. A ní kí ìyá náà béèrè gbogbo iye owó kí wọ́n tó dá ọjọ́, nítorí òkè òkun ni irú ike bẹ́ẹ̀ ti ń wá.

Ó tún bi wá pé, "Ṣé á tún lè ru sìmẹ́ńtì?" A sọ fún un pé ibi tí a bá so kì í tẹ̀ mọ́, kí wọ́n wá iṣẹ́ mìíràn fún un. Èyí kò dùn mọ́ ọn nínú.