Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí script tó kọ̀wé, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ béèrè

Lẹ́tà àdéhùn ilé tí wọ́n ń tẹ̀ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ní Kabusa l'Ábùjá tàbí níbikíbi, jọra wọn. Orúkọ, iye owó àti déètì ló sábà máa ń yí padà. Ẹni tó bá ń pa orúkọ oníbàárà àná rẹ́ kó tó tẹ tòní lè gbàgbé ọ̀kan sójú ewé kejì. Ó sàn kí script, ìyẹn àkójọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé láti kọ lẹ́tà náà, béèrè wọn. Nínú Vim, ètò ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà tí Bram Moolenaar gbé jáde ní 1991, iṣẹ́ input() nìyẹn: á gbé ìbéèrè síwájú yín, á dúró, á sì kó ìdáhùn fún script láti fi síbi tó yẹ.

Àwọn kan á ní ìbéèrè ń fàkókò ṣòfò, pé ká kàn pààrọ̀ orúkọ lẹ́ẹ̀kan náà ti tó. Ó tó lóòótọ́, bí wọ́n bá kọ orúkọ náà bákan náà níbi gbogbo. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Àtakò tó lágbára jùyẹn ni pé èèyàn lè má dáhùn. Bí ẹ bá tẹ Esc, òfìfo ni input() máa dá padà, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ẹ tẹ Enter láìkọ nǹkan kan. Script tí kò yẹ̀ ẹ́ wò á tẹ àdéhùn tí kò lórúkọ. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ input() láìfi if tì í: bí ìdáhùn bá ṣófo, kí script dúró.