Ó Gboyè Dókítà Eyín, Síbẹ̀ Àwọn Olùtọ́jú Eyín Ló Padà Lọ Kọ́

Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ní Chicago, bí ọmọ bá ní iṣẹ́ eyín ló wu òun, ìbéèrè tí yóò tẹ̀ lé e ni pé, “Ṣé dókítà lo fẹ́ dà?” Bó bá ní dental hygienist lòun fẹ́ jẹ́, ojú Mọ́mì á yí padà. Àwọn wọ̀nyí ni olùtọ́jú eyín tó ń ha ìdọ̀tí tó ti gan mọ́ eyín kúrò, tó ń yẹ ẹran ìdí eyín wò, tó sì ń kọ́ wa bí a ó ṣe tọ́jú ẹnu kí àrùn tó dé.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Esther Wilkins lè ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n bí i ní Massachusetts ní 1916. Ní 1939 ó parí ẹ̀kọ́ ìtọ́jú eyín ní Forsyth, ní Boston, ó sì ṣe iṣẹ́ náà kó tó wọ Yunifásítì Tufts, níbi tó ti gboyè dókítà eyín ní 1949. (Àwọn òbí tiwa ì bá ti kó ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù sórí iná.) Ọdún kejì rẹ̀ ni Yunifásítì Washington ní Seattle ní kó wá dá ẹ̀ka tí wọn yóò ti máa kọ́ àwọn olùtọ́jú eyín sílẹ̀. Ó lọ, ó sì lò ju ọdún 10 lọ níbẹ̀.

Kò rí ìwé tó kún tó fún ohun tó fẹ́ kọ́ wọn. Ló bá ń kọ àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń pín in ní kíláàsì. Àkọsílẹ̀ yẹn ló di ìwé Clinical Practice of the Dental Hygienist ní 1959. Nígbà tó fi máa di 2016, ìwé náà ti wà ní àtẹ̀jáde kejìlá. Oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni Wilkins kú, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tó pé ẹni 100 ọdún.

Lójú tèmi, ibi tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti dùn jù ni pé kì í fi irin bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó jókòó sórí àga ni ẹ ó kọ́kọ́ mọ̀: ṣé ó lóyún, ṣé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn wo ló ń lò? Ẹ wo àtọ̀gbẹ, tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹbí wa. Bí ṣúgà ara kò bá sí ní ìkáwọ́, ìdí eyín á tètè ṣàìsàn. Bí ìdí eyín bá sì ń ṣàìsàn, ṣúgà á túbọ̀ ṣòro láti kápá. Olùtọ́jú eyín tó bá béèrè dáadáa lè jẹ́ ẹni tí yóò sọ fún Dádì pé kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ó tún kọ́ wọn ní ọwọ́ fífúyẹ́. Ojú kò lè rí ohun tó fara pamọ́ sábẹ́ ẹran ìdí eyín. Irin tín-ín-rín ni a fi ń wá a kàn, bí a bá sì dì í mú pinpin, ìka kò ní mọ nǹkan kan. Ọ̀kan nínú irin bẹ́ẹ̀, tí Hu-Friedy ń ṣe, ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Tufts. Níbí ní Chicago ni wọ́n ti dá Hu-Friedy sílẹ̀ ní 1908.

Olú ilé ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú eyín Amẹ́ríkà náà wà ní Chicago, Malcolm X College sì ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí. Ẹ ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ara, kẹ́mísírì àti kòkòrò àrùn, ẹ ó sì gba ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹnu ẹnikẹ́ni fún owó. Bí Mọ́mì bá sì ní iṣẹ́ tó rọrùn ni, ẹ gbé ìwé Wilkins lé wọn lọ́wọ́. Ó ju ojú ewé 1,000 lọ.